Ohùn Ni Mo Rà

Àárọ̀ Sátidé, ojú ọ̀run Ìbarà mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Mo gbé sípíkà méjèèjì jáde sí ẹ̀yìnkùlé,
ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹni ń gbé arúgbó lọ yá oòrùn.
Wọ́n wúwo ju bí mo ṣe rántí wọn lọ.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé,
láti Láfẹ́ńwá, lórí ọmọlanke,
tí bàbá mi ń sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn, tó ń pariwo:
"Rọra! Ìrókò gidi nìyẹn! Ìrókò!"

Ìrókò. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́.
Àlejò kò ní tíì jókòó tán tí bàbá á ti fi ìka lù ú, kó, kó, kó:
"Ìrókò ni, Ọ̀gá Ṣóyọyè. Tí ilé yìí bá jó, òun lẹ ó bá níbẹ̀."

Ogójì ọdún ti gun àpótí náà.
Àmì ife tíì wà lórí rẹ̀, roboto, bí òṣùpá tó kọ̀ tí kò wọ̀.
Àbẹ́là tí à ń tàn nígbà tí iná bá lọ
ti sun omijé sí i létí, omijé náà ti gan.
Eku jẹ aṣọ iwájú ọ̀kan;
ewúrẹ́ Ìyá Múínà fi ìwo ha èkejì
lọ́jọ́ tí òjò lé e wọ pálọ̀.
Bàbá fúnra wọn fi ọ̀dà dúdú kùn ún nígbà kan,
ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára géètì,
lọ́dún tí ìjọba ò san owó ìfẹ̀yìntì.
Mi ò bi wọ́n léèrè ìdí.

Mo mú sánpépà tó le, nọ́ńbà ọgọ́rin,
bí igi ṣe sùn ni mo ṣe ń fà á,
nítorí Láṣebíkan káfíńtà ti kìlọ̀ fún mi:
"Má dábùú igi. Ẹni bá dábùú igi, igi á rántí."
Ọ̀dà ń ṣí, eruku dúdú ń bò mí lẹ́sẹ̀.
Abẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́
bí etí odò Ògùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi ń fà sẹ́yìn lára òkúta.
Inú mi dùn.
Ẹni inú rẹ̀ dùn kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.
Ní igun kan, ọwọ́ mi wúwo jù,
igi náà là.
Awọ lásán ni, kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ.
Abẹ́ awọ: ẹ̀rún pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò,
ó rí bí gààrí tí omi kán sí, tó tún gbẹ.

Mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì.
Rélùwéè fọn fèrè lọ́nà Láfẹ́ńwá.
Ogójì ọdún ìrókò!
Mo po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ eruku tí mo fá,
mo fi ọ̀bẹ bọ́tà dí igun náà wéréwéré,
bí ọmọ tó fọ́ àwo, tó ń gbọ́ ìró bàtà.

Bàtà náà sì dé. Bàbá, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin,
tí etí wọn ti di ilẹ̀kùn tí à ń gbá kó tó ṣí.
Wọ́n fi ìka tẹ gọ́ọ̀mù tútù. Wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀.
Mo pariwo: "Ó kù díẹ̀, bàbá! Ìrókò yìí le o!"
Wọ́n rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́rin péré.
"Ìrókò wo? Ẹ̀rún pákó ni. Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ tí mo sanwó.
Ohùn ni mo rà.
Àwọn tó ń wo igi ni mo ń sọ̀rọ̀ igi fún."

Wọ́n fa àga, wọ́n ní kí n gbé búrọ́ọ̀ṣì fún àwọn.
Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Eṣinṣin kan bà sí fáníṣì tútù, ó lẹ̀ mọ́ ọn.
"Fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí, "òun náà fẹ́ gbọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó gbẹ, a so wáyà.
Ọ̀kan dún ketekete.
Èkejì ń ta ṣàáṣàá bí epo gbígbóná tí omi kán sí.
Bàbá gbé etí lé èyí tó ń ta,
wọ́n pa ojú dé, wọ́n mi orí:
"Òun gan-an nìyẹn."